Nígbà tí Ẹ̀rọ Mi Pe Bàbá Olùkọ́ ní Ẹ̀rọ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan tí a háyà ní Sábó, ní Ìkòròdú, mo tan àtẹ kan sára ògiri níwájú àwọn ènìyàn tí kò tó ogún. Orúkọ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti kọ Wikipedia lédè Yorùbá nínú ẹgbẹ́ wa ni mo tò sí ọwọ́ òsì, iye àtúnṣe tí olúkúlùkù ti ṣe láàárín oṣù mẹ́fà sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Inú mi ń dùn, nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ kóòdù tí ó ṣe ìṣirò yẹn. Àwọn ènìyàn ń wá orúkọ wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣe díẹ̀, Bàbá Olùkọ́, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí wọ́n sì máa ń wọkọ̀ wá láti Ìgbógbó, ti awò ojú wọn sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi ò rí orúkọ tèmi o."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Kóòdù náà kò gbàgbé wọn. Ńṣe ni ó yọ wọ́n kúrò. Mo ti kọ òfin kan sí i pé kí ó yọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe àtúnṣe kéékèèké léraléra láìsinmi, nítorí pé bí àwọn bọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀, ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bàbá Olùkọ́ kì í kọ àyọkà tuntun. Àmì ohùn ni wọ́n máa ń fi sí iṣẹ́ ẹlòmíràn: wọ́n á ṣí àyọkà kan, wọ́n á tún gbólóhùn kan ṣe, wọ́n á fi pamọ́, wọ́n á bọ́ sórí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lójú òfin mi, ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ wá pè mí ní ẹ̀rọ." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rí ẹ̀rín rín.

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń rò pé ìbẹ̀rù nìkan ni ó bí i. Nísinsìnyí, mo rò pé ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó ń ka ọmọ ọlọ́mọ ń sọ, láìla ẹnu, pé òun mọ èwo ni ọmọ àti èwo ni àlejò. A tún ní ọ̀wẹ̀, a ní àáró. Nínú àáró, kò sí ohun tó burú nínú ìṣirò, torí pé iṣẹ́ tí mo bá ọ ṣe lónìí ni ìwọ náà yóò bá mi ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí a wá bá ṣiṣẹ́ kì í dúró ti ẹnikẹ́ni kí ó máa ka ebè tí ó kọ; oúnjẹ àti ẹmu ni ó ń wá kiri fún àwọn tó wá. Iṣẹ́ tí a ń ṣe lórí Wikipedia jọ ọ̀wẹ̀ ju àáró lọ, èmi sì ti mú ìwé ìṣirò lọ sí oko ọ̀wẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ìṣirò náà ṣe. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ lórí owó yàrá máa ń béèrè pé ènìyàn mélòó ni ó wá, iṣẹ́ mélòó ni wọ́n sì ṣe, ìbéèrè tí kò burú lẹ́nu ẹni tó mú owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tó jẹ mí lógún jù ni pé àwọn ènìyàn máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ àyọkà kan tàbí méjì, a kò sì ní rí wọn mọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ibi tí a ti ń pàdánù wọn. Irinṣẹ́ tó ń ka àtúnṣe ènìyàn ti wà nílẹ̀, XTools wà nínú wọn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí a ṣe ìpàdé ní Sábó, kò sì mọ ẹni tó wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo sọ fún ìyá onílé wa pé iṣẹ́ dátà ni mo ń ṣe, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ fi 1GB ránṣẹ́ sí àwọn kí àwọn tó jáde. Wọn kò jẹ̀bi. Ní àdúgbò wa, dátà ni ohun tí a ń rà sórí fóònù, tí kì í pẹ́ tán. Nítorí náà, ìsọfúnni ni mo máa ń pe èyí tí mo ń kà, dátà sì ni èyí tí mo fi ń gbé e wálẹ̀, èyí èkejì ló sì ń pinnu iye tí mo lè ní nínú èkíní.

Ìsọfúnni náà kì í ṣe àṣírí. Wikipedia, tí Jimmy Wales àti Larry Sanger dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, ń lo sọ́fítíwià tí a ń pè ní MediaWiki, èyí tí ó ń kọ gbogbo àtúnṣe sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́, wákàtí, àti iye báìtì, ìyẹn ìwọ̀n ààyè nínú kọ̀ǹpútà, tí ojú-ewé náà jẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe. Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, máa ń di gbogbo ìtàn yìí pọ̀ sínú fáìlì XML, wọ́n á sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà mi lè gbé lọ. Ti Yorùbá, tí àyọkà inú rẹ̀ lé ní 30,000, wọ inú fláàṣì láìsí wàhálà. Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, ni mo fi kà á, pẹ̀lú pandas, tí Wes McKinney bẹ̀rẹ̀ ní 2008, èyí tí ó ń to ìsọfúnni sórí ìlà àti òpó bí ìwé àkáǹtì. Git, tí Linus Torvalds kọ ní 2005, ń tọ́jú ìtàn kóòdù mi. N kò san kọ́bọ̀ lórí ọ̀kankan nínú wọn. Ní ìlú tí onílé ti ń gbẹ́ omi fún ara rẹ̀, tí ó ń tan iná fún ara rẹ̀, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu pé irinṣẹ́ tó péye tó báyìí wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè owó rẹ̀.

Báìtì ni ó kọ́kọ́ dójú tì mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bàbá Olùkọ́. Mo dá wọn padà sínú àtẹ, mo sì rò pé kí n má ka àtúnṣe mọ́, kí n máa ka bí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ṣe gùn tó. Bàbá fò láti ibi tí wọn kò ti sí rárá, wọ́n bọ́ sí ipò kìíní. Wọ́n tún mi orí. "Èmi tí n kò kọ gbólóhùn kan?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú UTF-8, tí í ṣe ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú lẹ́tà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, o lásán gba báìtì kan, ọ gba mẹ́ta. Bí a bá fẹ́ gbé àmì òkè lé ọ lórí, Unicode, ìyẹn àtòjọ lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún un. Àmì náà ni a ó fi kún un lọ́tọ̀, ó sì tún gba báìtì méjì. "Ojo" tí kò ní àmì jẹ́ báìtì mẹ́ta, "Ọjọ́" jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó bá fi àmì sí ojú-ewé kan láti òkè dé ilẹ̀ lè mú kí ó wú bí ẹni pé ó fi orí mìíràn kún un, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó kọ. Ní òdìkejì, ẹlòmíràn wà tó ń da ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe sílẹ̀ gbùà, tí kò tilẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kejì, tí báìtì rẹ̀ sì pọ̀ bí omi òjò, tí Bàbá Olùkọ́ yóò sì fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀lé e lẹ́yìn láti sọ ọ́ di Yorùbá.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé kóòdù náà ń kọ́kọ́ bọ́ àmì kúrò lára àyọkà kí ó tó ka lẹ́tà, lẹ́yìn náà ni yóò ka àmì ní tirẹ̀. Òpó méjì ni, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò wọ́n pọ̀. Ẹnì kan nínú wa ní àmì kì í ṣe iṣẹ́ gidi, pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò lóye láìsí i. N kò gbà. Ẹni tó bá rí "oko" lórí ojú-ewé kò lè mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tó ń lọ sí Mile 12, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, títí tí yóò fi ka gbólóhùn náà tán, nígbà mìíràn pàápàá, títí lẹ́yìn rẹ̀.

Àmì yìí náà ló tún bá mi jà níbi orúkọ. Nígbà ìpàdé, àwọn ènìyàn máa ń kọ orúkọ tí wọ́n ń lò lórí Wikipedia sínú àkọsílẹ̀ kan láti orí fóònù wọn. Kóòdù mi ń mú orúkọ inú àkọsílẹ̀ yìí lọ wá inú fáìlì Wikipedia, ó sì ń sọ pé òun kò rí àwọn kan, bẹ́ẹ̀ mo ń fi ojú ara mi rí wọn níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọtini-ìtẹ̀wé kan ń fi àmì tóótó, U+0323, sí abẹ́ lẹ́tà, òmíràn sì ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, U+0329, sí i. Lójú ènìyàn, ẹ ni ẹ. Lójú kọ̀ǹpútà, àjèjì ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn. MediaWiki máa ń to lẹ́tà àti àmì sí ìlànà kan ṣoṣo tí a ń pè ní NFC, ṣùgbọ́n NFC pàápàá kò ní sọ ìlà di tóótó. Mo ní láti kọ ìyẹn fúnra mi. Ìlà kóòdù mẹ́rin péré ni, ọjọ́ méjì ni mo sì fi wá ìdí rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí kò sí nínú ìṣirò nítorí ọ̀rọ̀ tó rọrùn ju ìyẹn lọ. Wikipedia kì í jẹ́ kí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fi orúkọ tuntun sílẹ̀ ju mẹ́fà lọ lóòjọ́, àyàfi tí a bá ti tọrọ ààyè ṣáájú, kí àwọn oníjìbìtì má baà ya wọlé. Rúọ́tà kan, tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ni gbogbo wa ń lò ní Sábó. Ẹni keje ni a dá padà, ẹni kẹjọ, ẹni kẹsàn-án. Ilé ni wọ́n lọ, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù wọn lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì. Èmi ẹ̀wẹ̀ ti sọ fún kóòdù pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé nìkan ni ọmọ ìpàdé. Báyìí ni àwọn tó ní ìforítì jù, tí a dá padà tí wọn kò sì bínú, fi di ẹni tí kò wá.

Ti wákàtí tún ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. UTC, ìyẹn àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé, ni gbogbo àkókò inú fáìlì náà, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ látọdún dé ọdún. Nígbà tí mo ya àwòrán bí iṣẹ́ ṣe ń lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, òkè ńlá kan yọ láti aago méjìlá òru sí aago mẹ́rin ìdájí. Mo fi í han ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ìwádìí ní Jámánì, ó ní ó dà bíi pé Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Ògólóǹtò, ní Ìkòròdú níbí, ni wọ́n ń gbé. Òru ni dátà ń dínwó, òru sì ni iná máa ń dé nígbà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tí a kọ́ láti lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, tí ó wà lára àwọn tó tóbi jù ní Nàìjíríà, wà ní àgbègbè Ìkòròdú yìí gan-an. A ń gbé lẹ́bàá ìdí àdìrò, a sì ń sun ebi. Ẹni tí kò mọ ìyẹn yóò wo àwòrán mi, yóò sì sọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Àwòrán wákàtí yìí kan náà ni mo wá pa rẹ́ nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe ti gbogbo ẹgbẹ́, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Arábìnrin kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, nígbà tí ó sì rí ojú-ewé rẹ̀, tí ó rí ọ̀wọ́ àmì búlúù láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá ọ̀sán, ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ọ̀gá mi bá rí èyí ńkọ́?" Mo fẹ́ dáhùn pé gbogbo rẹ̀ ti wà níta tẹ́lẹ̀, pé ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó lórí Wikipedia. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ̀kúrọ́ tó fọ́n ká inú igbó kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí ẹnì kan ṣà jọ sínú agbọ̀n, tó sì gbé ka iwájú ọ̀gá.

Ní gbogbo àkókò yìí, kóòdù náà ti wà níta fún aráyé. Ìwé àṣẹ ìlò tí a ń pè ní GPL, ẹ̀dà kẹta, tó jáde ní 2007, tí orírun rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ GNU tí Richard Stallman kéde ní 1983, ni mo fi gbé e jáde: ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó tú u wò, kí ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá pín èyí tí ó tún ṣe fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ ṣí kóòdù tirẹ̀ náà sílẹ̀. Mo ń fi èyí yangàn. Mo máa ń rántí alájọ tó ń wá sí ìsọ̀ ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ibi méjì ni ó máa ń sàmì sí: káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá mi, àti ìwé ńlá tó máa ń há sí abíyá. Bí oṣù bá parí, wọ́n á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyá mi kò ka ìwé lọ títí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àmì orí káàdì wọn, alájọ kan kò sì jẹ́ fi àmì kan ṣeré níbẹ̀. Mo ní èmi náà ti fún ẹgbẹ́ wa ní káàdì.

Àbí mo fún wọn? Nínú gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà lórí àtẹ náà, ènìyàn méjì péré ló lè ka Python. Àwọn tó kù ní káàdì lọ́wọ́ tí wọn kò lè kà, èmi sì ń pè é ní ohun tó ṣí sílẹ̀. Ìyẹn ni mo fi jókòó, tí mo kọ gbogbo òfin inú kóòdù náà ní Yorùbá, mọ́kànlá ni, lórí bébà kan àbọ̀.

N kò mọ̀ pé iṣẹ́ náà yóò le tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ńṣe ni ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Nínú kóòdù, mo ní orúkọ kan fún ẹni tí kò bá ṣe àtúnṣe kankan fún ọgbọ̀n ọjọ́, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó tutù, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tó kọ́kọ́ jáde ni "ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀". Mo wo orúkọ àwọn tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Fóònù ọ̀kan ni wọ́n jí gbé nínú ọkọ̀. N kò lè fi bébà yẹn lé ìyálọ́mọ lọ́wọ́. Mo pa á rẹ́, mo kọ "ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́", bí mo sì ti kọ ọ́ tán ni mo rí i pé ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn onítọ̀hún, ó ti bọ́ sí ọrùn wa: bí a kò bá gbúròó ènìyàn, àwa ni a ó pè é. Mo padà sínú kóòdù, mo yí orúkọ òpó náà padà, mo sì mú kí ó máa to àwọn orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ fún àwa tí a ń ṣètò ìpàdé nìkan, kí a lè máa pe ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìyálọ́mọ náà ti ń kọ àyọkà padà, lóru, bí àwọn yòókù.

Òfin kẹrin ni ti bọ́ọ̀tì. Mo ti yí i padà: kóòdù kò ní máa fi ìṣe ènìyàn méfò mọ́, àwọn orúkọ tí Wikipedia fúnra rẹ̀ ti kọ sílẹ̀ pé bọ́ọ̀tì ni wọ́n nìkan ni yóò máa yọ. Bí ó bá rí ẹlòmíràn tó yára jù, yóò fi àmì ìbéèrè sí i, yóò sì fi í sílẹ̀. Mo tẹ bébà náà jáde, mo pín in nígbà tí a tún pàdé. Bàbá Olùkọ́ ká tiwọn sínú àpò agbádá, wọ́n ní àwọn yóò kà á nílé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n dá a padà, pẹ̀lú yíǹkì pupa, bí ìwé ìdánwò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin kẹrin, níbi tí mo ti kọ pé kóòdù yóò fi àmì ìbéèrè sí orúkọ ẹni náà, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ta ni yóò lọ bi í?" N kò tíì ronú kan ìyẹn. Níbi mẹ́sàn-án mìíràn, àmì ohùn tí mo ṣì ni wọ́n tún ṣe, wọn kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi àtúnṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú Git. Git ń jẹ́ kí a yà orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹni tó gbé e wọlé, nítorí náà orúkọ Bàbá ni mo kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é, mo sì fi orúkọ tèmi sí ipò ẹni tó bá wọn gbé e. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní ọjọ́ kejì tí fóònù mi fi dún. Wọ́n ní àwọn ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ṣeun, ṣùgbọ́n àmì kan ṣì kù lórí òfin kẹfà.